Wáyà Yàrá Nàná

“Àwòrán dà?”

Nàná Birago ló béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Dufie, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ti fẹ́ wọ pápá ní òkè òkun pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilẹ̀ Ghana, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí egungun ìbàdí Nàná ti ṣẹ́, dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn. Díkódà kan ṣoṣo tó sì wà nínú ilé wọn ní Bantama, yàrá Wọfa Asiedu ló wà, lókè, ní òdìkejì àgbàlá. Wọfa ti búra pé díkódà náà kò ní í kúrò níbẹ̀.

“Ó ń bọ̀, Màámi,” ni Afrakoma, ìyá Dufie, dáhùn. Òógùn ti bò ó. Òun ló lọ ra wáyà ní ọjà Adum.

“Ó ń bọ̀ láti ibo?” Wọfa ké láti ojú fèrèsé. Àbúrò Nàná ọkùnrin ni, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Wọfa, arákùnrin ìyá, nìyẹn; òun sì ni olórí ẹbí. “Wáyà tó tín-ín-rín bí okùn bàtà! Èyí tí mo ní kó o rà ńkọ́, tó ki bí ejò tó gbé ewúrẹ́ mì?”

“Wọfa, ẹni tó tà á ní ìyẹn dára bí díkódà àti tẹlifíṣọ̀n bá jọ wà nínú yàrá kan. Bí ọ̀nà bá ti jìn báyìí, àwòrán á máa já sọ́nà. Ó ní èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni kí n rà, kí a má sì ṣẹ́ ẹ po, torí dígí ló wà nínú rẹ̀.”

“Ìmọ́lẹ̀ náà ti kú sọ́nà nìyẹn!”

Àwọn ayálégbé bú sẹ́rìn-ín. Afrakoma kò rẹ́rìn-ín. Ó ti yọjú wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, orí wáyà tó kéré ló rí níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni irú wáyà yìí ń gbà: orí kékeré lára díkódà, orí ńlá lára tẹlifíṣọ̀n. Ó sì fẹ́ wí i lánàá nígbà tí wọ́n ń kan án mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n Wọfa ti rí orí méjèèjì. “Orí ńlá nísàlẹ̀, orí kékeré nínú yàrá olórí ẹbí? Ṣé mo ti kú ni?” Gbogbo ilé panu mọ́, wọ́n gbé orí ńlá fún un.

Ta ni yóò wá wí fún un báyìí? Nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í wojú olórí ẹbí kó ní ó ṣì í ṣe. Ẹnu agbẹnusọ ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Afrakoma fa Ofosu, télọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, sí kọ̀rọ̀.

“Ẹ bá mi sọ fún Wọfa pé òdì ni wọ́n fi wáyà sí.”

Ofosu yọ téèpù kúrò lọ́rùn bí ẹni tó ń ṣí aṣọ kúrò léjìká láti kí ọba. “Wọfa, wáyà kí yín! Ó ní òun dé yàrá yín, òun rí ọlá, òun rí iyì. Àmọ́ orí òun ńlá yìí, ó ń wù ú kó wá kí Nàná nísàlẹ̀, bí ẹ bá yọ̀ǹda…”

“Ofosu, ṣé o ti mutí ni?”

“Asiedu!” Nàná ló ké láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Ìwọ lo fi í sódì! Ẹ̀yìn yìí ni mo fi pọ̀n ọ́. Yí i padà, kí n tó fi ìbàdí yìí gòkè wá bá ọ!”

Oníkálukú ń retí ààrá.

Ni orí ńlá bá yọ lójú fèrèsé, Wọfa ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí bí ìṣe rẹ̀. “Kí lẹ ń wò? Ẹ tú u lára ògiri! Ẹ má ṣẹ́ ẹ o, dígí ló wà nínú rẹ̀!”

Afrakoma yọ orí kékeré kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin tó ń gún fùfú ju ọmọ odó sílẹ̀. Gbogbo wọn tò, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé wáyà, wọ́n ń yí po àgbàlá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Wọfa níwájú, Ofosu ń kì wáyà bí ẹni ń kì ìjòyè. Wọ́n wọlé tọ Nàná. Wọfa ki orí ńlá bọ tẹlifíṣọ̀n.

Dúdú.

“Àwòrán dà?” ni Nàná wí.

Afrakoma wẹ̀yìn. Gbogbo ilé ló wà nínú yàrá. Orí kékeré nìkan ló ṣẹ́kù, ó sùn sílẹ̀ nínú àgbàlá.

“Wọfa, kò sí ẹnì kankan lókè.”

Kọ́kọ́rọ́ yẹn kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Wọfa wo ìbàdí ara rẹ̀, ó wo ìbàdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí Afrakoma.

Afrakoma sáré gòkè, Ofosu fi ọ̀pá gbé orí kékeré sí i láti àgbàlá, ó fà á gba ojú fèrèsé, ó ki í bọ díkódà. Kò tíì nà ró tí igbe fi ta nísàlẹ̀: “Ó ti dé! Dufie rèé o!”

Nígbà tó fi sọ̀ kalẹ̀, Dufie ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí koríko tútù, àwòrán náà mọ́ kedere, Nàná sì ti di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń bá a wí pé kó so okùn bàtà rẹ̀ dáadáa. Wọfa ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Afrakoma na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Kò tiẹ̀ yíjú. “Mú un dání. Ta ni yóò máa gòkè lọ yí ìkànnì fún wa?”