Abẹ́rẹ́ Àjàlá

Kò tíì gbó. Ohun tí màá sọ fún Rájí lọ́la nìyẹn. Ọ̀gá, mo lọ, mo gbọ́ ọ, ọmọ náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò tíì gbó. Ó tán. Ta ló fẹ́ bá mi jiyàn? Ṣé kì í ṣe èmi ni mò ń fọn fèrè iwájú fún ẹgbẹ́ Rájí láti ìgbà tí Ṣómólú ṣì jẹ́ oko? Rájí fúnra rẹ̀ ló rán mi. “Mákánjúọlá, bá mi lọ wò ó. Bí o bá ní ká mú un, a ó mú un.” Bí a bá wá mú un ńkọ́... ìyẹn ni kò sọ. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ọmọ á bọ́ síwájú, èmi á bọ́ sẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Mo tiẹ̀ ti fa fìlà bojú. Kí ni mò ń sá fún? Ṣé èèwọ̀ ni kí àgbà afọnfèrè wá jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì Ladi-Lak ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kó mu ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn Igbóbì ti gba gbogbo bẹ́ǹṣì. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn. Ikúmápàyí. Ọmọ apẹja etí ọ̀sà Bàrígà. Ẹ wò ó lórí pèpéle níbẹ̀ yẹn, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gba ọrùn méjì. Ṣé eléyìí ló fẹ́ gba àga mi?

Ẹ̀bi Àjàlá ni. Àjàlá onígbàjámọ̀ ló gbé àwo orin ọmọ yìí lé gírámọ́fóònù nígbà tí abẹ wà lọ́rùn mi, tí n kò lè sá. Mo ní ta nìyẹn? “Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, bàbá? Jáàsì nìyẹn o. Tiyín ti fẹ́ẹ̀ tán.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín — kí ni kí n ṣe, abẹ ṣì wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n inú mi dùn! Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Inú mi dùn sí fèrè tí kì í ṣe tèmi. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo ní kó bá mi fá irun. “Irun wo, bàbá?”

Ibì kan wà lójú kejì àwo náà. Fèrè á máa gòkè, á máa gòkè... á sì já pẹ́ú. Abẹ́rẹ́ ló ń fò. “Àjàlá, pààrọ̀ abẹ́rẹ́ yìí.” “Kò sóhun tó ṣe abẹ́rẹ́ mi, bàbá.” Irọ́ ńlá! Abẹ́rẹ́ tó ti kú pátápátá. Leah ìyàwó mi náà ń gbọ́ ọ láti ojúde wa, ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù Àjàlá, níbi tó ti ń to ẹja yíyan. Bó bá ti dé ibẹ̀ yẹn, á bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Folúkẹ́, ibí yìí jọ ẹnìkan.” Ó jọ ta? Ó ń to ẹja rẹ̀ lọ.

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n wá àléébù rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú jù... tèmi náà ń wú. Ó ń sáré jù... rárá o, àwọn onílù ló ń fà sẹ́yìn. Níbo ló ti ń mí gan-an? Mò ń ṣọ́ èjìká rẹ̀, kò gbéra. Háà, ó yí i síbẹ̀ yẹn! Ta ló kọ́ ọ ní — ẹsẹ̀ mi, dákẹ́. Mo ní kí o dákẹ́. Iṣẹ́ ni a bá wá.

Èmi náà ṣe àwo láyé mi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò ṣe. “Ọkọ̀ Ìkòròdú”, ní ilé òyìnbó kan ní Yábàá, ọdún tó ṣáájú èyí tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá. Bó bá ṣe pé mo mumi lọ́jọ́ náà ni... Gààrí gbígbẹ tòun tẹ̀pà ni mo jẹ, wọ́n ní ó yá, ó yá, n kò rí omi mu. Mo gòkè, mò ń gòkè lọ — òsúkè! Láàárín orin! Ìda tí òyìnbó ń kọ ohùn wa sí kò ní ìkejì mọ́. Ó ní kò burú. Ó rọrùn fún un. Àwo náà ti òkè òkun dé tòun tòsúkè, Rájí ò sì jẹ́ kí n sinmi. Bí a bá ti fẹ́ gbé orin kan báyìí: “Ẹ fún Mákánjúọlá lómi o!” Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ra àwo náà.

Kí ló dé tí gbogbo wọn dákẹ́? Orin ojú kejì ni. Òun ni, mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó wà níwájú mi ti gbọ́wọ́ sókè, ó ń retí nǹkan kan. Ó dára. Ibi tí abẹ́rẹ́ Àjàlá ti ń fò la ń lọ yìí, èmi náà á wá gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe rí gan-an. Ó ń gòkè. Ó ń gòkè lọ...

Hík!

Gbogbo ilé hó. Obìnrin yẹn ju ọwọ́ sílẹ̀, ó ń jó. Abẹ́rẹ́ — abẹ́rẹ́ wo? Kò sí abẹ́rẹ́ níbí. Ẹnu ọmọ ni, ètè ọmọ ni. Ó sì ti já wá sí ohùn ìsàlẹ̀, ohùn kan náà tí èmi ṣubú lé lọ́jọ́ náà tí mò ń wá èémí kiri... Èmi nìyẹn. Èmi rèé lẹ́nu ọmọ apẹja! Ẹnìkan ra àwo mi. Ní etí ọ̀sà Bàrígà, ọmọ yìí jókòó ti gírámọ́fóònù, ó ń dá abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀, ó tún ń dá a padà, ó ń kọ́ òsúkè mi. Ó rò pé bí àwọn àgbà ṣe ń fọn ún nìyẹn! Ó sì gbé e, ó sọ ọ́ di ẹwà... Leah ti mọ̀. Leah ti mọ̀ tipẹ́, ó ń fi ẹja bojú.

Inú mi dùn. Ojú mi ń ṣomi, ẹ̀rín ló ń tẹnu mi jáde, obìnrin yẹn ti ń wẹ̀yìn wò mí. Kí ó máa wò. Mo ṣí fìlà.

Rájí á bi mí lọ́la. Ọ̀gá, gbé e síwájú. Èmi á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí n lè máa gbọ́ dáadáa. Ẹnìkan ṣáà gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ yìí pé gààrí ni.