Ìdin Orí Àpáta

"Ṣé o ti parí?" Ọ̀gá yọ orí wọlé. "Awakọ̀ ti rọ oògùn apakòkòrò sínú àgbá. Aago méjìlá la ó dà á sórí àpáta."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i."

"Mẹ́wàá ti kí ni? Ṣebí ìwọ lo sọ lánàá pé ìdin eṣinṣin afọ́nilójú ni?"

Aláwò tún tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Òótọ́ ni, òun ló sọ ọ́. Ìdin kan ṣoṣo ni wọ́n mú wá lánàá, ó sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìbẹ̀rù ló sáré dáhùn lẹ́nu rẹ̀: eṣinṣin yẹn ló fọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Omi tó ń sun lára àpáta náà ni gbogbo àdúgbò ń mu, òun ló sì ń ṣàn sínú adágún ẹja ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gun àpáta lọ fúnra rẹ̀ láàárọ̀, tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdin mẹ́sàn-án sínú ìgò.

Ó fi abẹ́rẹ́ yí ọ̀kan padà. Ìdin afọ́nilójú a máa ní irun bí abẹ̀bẹ̀ méjì lẹ́nu, tó fi ń gbọ́n oúnjẹ nínú omi. Èyí kò ní. Ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta: kò sí abẹ̀bẹ̀. Síbẹ̀ ó ń wò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá tún ṣì í, ojú ọmọ ọlọ́mọ ni yóò fọ́.

Ó kan èyí tó kẹ́yìn, tó ti dákẹ́ sínú èèpo ara rẹ̀, tó ń múra àtihu ìyẹ́. Inú àpò tó hun mọ́ òkúta ni ti afọ́nilójú máa ń sùn sí, òwú funfun á sì yọ lórí rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Èyí wà níhòòhò goloto: kò lápò, kò nírùngbọ̀n.

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá! Ẹ wá wò ó. Mo ṣì í lánàá."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Kí wá nìyí?"

"Eṣinṣin jẹ́jẹ́ kan ni, sà. Ara àpáta tútù ló ń gbé. Kì í jẹni rárá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Pẹ̀lú ohun tójú bàbá mi rí, sà? Mi ò jẹ́ fi í ṣeré."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ o! Mo ti ń ro ibi tí a ó ti rí omi fún gbogbo èèyàn yẹn." Ó sáré jáde lọ dá awakọ̀ dúró.

Aláwò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ má kó ẹja kankan mọ́ o. Wọn ò da oògùn mọ́."

"Yéè! Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ kan náà tó ní kí n máa kó wọn?"

"Èmi kan náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu rẹ tún yá ju ojú rẹ lọ mọ́!"

Aláwò náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé tuntun yọ, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni bi í: ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà gadagba pé, "Èmi ni mo ṣì í."