Àpò Méjì Nínú Awọ Ìyá Oge

Bàbá Aránṣọ gbé àpótí kan ka orí tábìlì dókítà ẹran bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ẹ̀rín sì ti gba gbogbo ẹnu rẹ̀ kó tó jókòó. Ẹ wo àgbàlagbà yìí o! Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ta ló tún rí eyín rẹ̀?

"Ẹ bá mi wò ó, dókítà. Ẹyin ti wà níkùn Ìyá Oge."

Ìyá Oge ni òjòlá tí ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ọmọ, torí wọn ò bímọ. Ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń sọ pé, "Ìyá Oge á yé ẹyin lójú mi." Kò yé e títí ikú fi dé. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ejò náà kọ oúnjẹ. Bàbá ní àdáwà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá lọ ra akọ kan, ó kó wọn pọ̀ sínú àpótí gíláàsì kan. Ó rí i tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí wọ́n ń fara lu gíláàsì gbì, gbì. Ìyá Oge ń fi imú ti ọmọrí àpótí. "Má tijú, jàre," Bàbá wí, "ọkọ ẹ ni." Ó fi ìborùn olóògbé bo àpótí náà, ó paná, ó ń rẹ́rìn-ín lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìhà Ìyá Oge bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Dókítà, obìnrin tí kì í kánjú, ki ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òtútù má baà já ejò náà láyà. Ó tẹ́ ẹ sórí apá rẹ̀ méjèèjì, ó gbé gbogbo ara rẹ̀ ró. Ìyá Oge ò lágbára àtiyọ ahọ́n.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé abo ni?"

"Háà! Ẹ ò rí ẹwà tó wà lára ẹ̀ ni?"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí orí rẹ̀ ò mú, táwọn máa ń fi òróró pa, táwọn á rọra tì bọ ihò abẹ́ ìrù ejò. Tó bá wọlé jìnnà, akọ ni. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fi kan eléyìí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù, a lè ṣe é léṣe. Ṣé awọ tó ti bọ́ rí wà?"

Ó kúkú wà nínú àpò Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀ sínú agolo páúdà láti ọdún pípẹ́. Bàbá mú un wá kó lè fi ṣe fáàrí ni.

Dókítà rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀, ó la ibi ìrù rẹ̀, ó ní kí Bàbá wo inú. Àpò kékeré méjì ló fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, bí àpò inú ṣòkòtò. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rán àpò, kò sí bó ṣe lè sọ pé òun ò rí i.

"Akọ ni, Bàbá. Inú àpò yẹn ni nǹkan akọ rẹ̀ ń wà, abo kì í ní in."

"Akọ kẹ̀? Kí wá ni wọ́n ń ṣe nínú àpótí?"

"Wọ́n ń jà ni. Èyí tẹ́ ẹ rà ti bù ú jẹ níhà, egbò náà sì ti kẹ̀ wọnú. Kò sí ẹyin kankan níbẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú. Oògùn tí kò ní jẹ́ kó jẹ̀rora nìkan ló kù tí mo lè fún un."

Bàbá Aránṣọ na ìka, ó fi kan imú ejò náà. Ọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀ tún dé lákọ̀tun. Omijé ò jẹ́ kó ríran mọ́.

"Ó fẹ́ jáde ni," ó wí. "Ó ń bẹ̀ mí pé kí n gbé òun jáde, èmi sì ní kó má tijú."