Fèrè Inú Ẹ̀rọ

3.

…mo bá na ọrùn títí etí mi fi kan ẹ̀rọ tó ń ti oògùn sínú iṣan mi. Àwọn ìka kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fún ọ̀pá rọ́bà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fún ọmú màálù. Ẹni tó ṣe é gbọ́n.

Ẹ́ńjìnnì ni mo ń tún ṣe. Etí ni mo fi ń wá ibi tó ń dùn ún. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Elétí-Ajá.

4.

(lára ilẹ̀kùn)

ALÁÌSÀN KÒ GBỌDỌ̀ JÁDE.
ÀLEJÒ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ.

5.

DÓKÍTÀ: Irin tó ya yín lẹ́sẹ̀ ló kó kòkòrò wọnú ẹ̀jẹ̀ yín. Apá oògùn kan ṣoṣo ò ká a. Méjì la máa lò pọ̀.

ÈMI: Kí lèkejì fẹ́ ṣe?

DÓKÍTÀ: Àkọ́kọ́ á dá ògiri ara kòkòrò lu. Èkejì á gba ibẹ̀ wọlé, á ba iṣẹ́ inú rẹ̀ jẹ́.

ÈMI: Ẹ̀n-ẹ́n! Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.

DÓKÍTÀ: Ṣùgbọ́n èkejì yẹn lè ba etí jẹ́. Tí nǹkan bá ń súfèé létí yín, ẹ tètè sọ.

ÈMI: Kí lẹ ó wá ṣe?

DÓKÍTÀ: A lè ní láti dá a dúró.

ÈMI: Kòkòrò ńkọ́?

DÓKÍTÀ: A ó wá òmíràn. Mi ò lè ṣèlérí.

6.

Etí ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n òkú kì í jẹun.

7.

ÌYÀWÓ MI (àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù): Ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì yìí. Oníbàárà ò jẹ́ n simi. [ó fi ohùn ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́]

ÈMI: Fáàfù rẹ̀ ló ń jò. Kó má wà á lọ jìnnà.

ÌYÀWÓ MI: Elétí-Ajá! Àìsàn ò rí ìyẹn gbé lọ.

8.

Fèrè kan.

9.

ÈMI: Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kán òróró sí ẹ̀rọ yìí. Bẹ́ríǹ rẹ̀ ti gbẹ, ó ń súfèé.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, tuntun ni o. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

ÈMI: Etí yín ò mú tó tèmi ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Àbí inú etí tiyín ló ti ń dún?

ÈMI: Rárá o. Inú ẹ̀rọ ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá mẹkáníìkì, ẹ má tú ẹ̀rọ wa o!

10.

Nọ́ọ̀sì pa ẹ̀rọ náà kó lè pààrọ̀ oògùn.

Fèrè ò dúró.

Ẹ̀rọ ló ń dún. Ẹ̀rọ ló ń dún. Ẹ̀rọ ló

11.

ÌYÀWÓ MI: Ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì èyí náà. [ohùn]

ÈMI: Tún un rán. Kò dún.

ÌYÀWÓ MI: Ó ń dún kẹ̀, ọkọ mi.

12.

ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀JẸ̀: A kò rí kòkòrò kankan mọ́.

Wọ́n yọ abẹ́rẹ́. Wọ́n ya ìwé ara ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi wọlé, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

13.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà lọ.

Mò ń gbọ́ fèrè.