Ìdọ̀bálẹ̀ Àmúsà

Bí ẹ bá fẹ́ bá Àmúsà télọ̀ jà ní Ìkòtún, ẹ fi ọwọ́ òsì fún un ní nǹkan, tàbí kí ẹ wà lórí ìjókòó kí i. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá lọ kí ọba á bu erùpẹ̀ sórí, á yíká ọ̀tún, á yíká òsì. Láyé bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, erùpẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àyà ṣì ń kan ilẹ̀. Nígbà tó fi máa kan àwọn ọmọ Èkó ìsinsìnyí, wọ́n kàn ń tẹ̀ díẹ̀, wọ́n ń nàka sílẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmúsà á bú wọn, á sì dá wọn lóhùn.

Èyí tó le jù wà nínú ilé rẹ̀. Abdulsobur, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bá àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan rìn ní Ìgàndó, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ni à ń forí balẹ̀ fún. Láti ìgbà náà ló ti ń dúró kí bàbá rẹ̀. Ó dun Àmúsà wọra, àmọ́ ó gbé e mì. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.

Ọdún 2009 ni Àmúsà bá ọmọ rẹ̀ lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé Mubarakah, ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Abdulsobur fẹ́ràn ọmọbìnrin náà débi pé orúkọ rẹ̀ ló fi sára ìsọ̀ tó ti ń tún fóònù ṣe. Jàfárù, bàbá ọmọ, jókòó láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, ó ń retí ìdọ̀bálẹ̀ àna. Abdulsobur dúró gbagidi.

"Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ má bínú, mi ò lè dọ̀bálẹ̀."

"Mùsùlùmí làwa náà jàre," ni Jàfárù wí. "A ní kó o kí wa, a ò ní kó o kírun fún wa. Ẹni tí ò lè nà gbalaja kó tó gba ọmọ mi, kí ló máa fojú ẹ̀ rí tó bá gbà á tán?"

Mubarakah ń sunkún lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Arúgbó kan nínú ẹbí náà ṣàánú wọn.

"Kó kúnlẹ̀ lásán ṣá. Ìyẹn náà tó."

Abdulsobur ń wo ibi tí ẹkún ti ń wá. Ẹ̀rù ba Àmúsà pé ọmọ náà yóò tún kọ̀, sùúrù rẹ̀ tán. Ó ṣí fìlà, ó sì na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níwájú Jàfárù, ẹni tó ń rá nígbà tí òun ti ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ó ti ń balẹ̀ lọ kó tó rí i pé orúnkún ọmọ òun ti ń tẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbé mi!" Jàfárù fò sókè, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé àgbà tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, èpè ló gbé lé e lórí. "Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ó ní òun ò lè bá ilé tí wọ́n ti fi irú ìyẹn kí òun ṣe àna láéláé. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ èso tí Àmúsà àti ọmọ rẹ̀ gbé wá padà lé wọn lọ́wọ́.

Lójú títì, Abdulsobur gbọn eruku aṣọ bàbá rẹ̀.

"Mo ti ń kúnlẹ̀ lọ, Bàbá," ló sọ.

Àmúsà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi Mubarakah fún ọkùnrin kan ní Ìbàdàn kí ọdún tó parí. Abdulsobur kò bá bàbá rẹ̀ jà lọ́jọ́ kankan. Ì bá sàn fún Àmúsà ká ní ó bá a jà.