Adé Tí Mo Bá Ọba Dì Mú

Ẹ dáwọ́ dráfù yẹn dúró ná, kí n rí ẹnu sọ̀rọ̀. Àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná, bí n kò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, oúnjẹ kò ní í dà lára mi. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi yí fíìmù nílé sinimá kí wọ́n tó sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà tí Láníyì, ọmọ àbúrò bàbá mi, ti wá sọ fún mi pé ìdílé tiwa náà jẹ́ ìdílé ọba, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ti kọ lẹ́tà sí ìjọba, ojú ìwé mẹ́rin, pé kí wọ́n fi èmi náà jọba. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ìlú tí kò ní ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, tó wá ní ọba mẹ́ta, ṣé tèmi ló máa wá ba nǹkan jẹ́? Mo gbé lẹ́tà náà lé àyà, mo fẹ̀yìn ti àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oorun gbé mi lọ.

Ibi tí mo bá ara mi, inú fíìmù ni. Mi ò ní mò ń wò ó o, inú rẹ̀ gan-an ni mo wà. Fíìmù àtijọ́, dúdú àti funfun, irú èyí tí èèyàn kì í lè béèrè omi mímu nínú rẹ̀ láìkọrin. Mo wo ọwọ́ mi, ó ti di funfun bí ẹfun. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ààfin ńlá kan wà níwájú mi, ọba ibẹ̀ sì ń yọ́ jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé adé rẹ̀ dání.

"Ọ̀gbẹ́ni, jọ̀ọ́, bá mi di eléyìí mú," ó fi orin sọ ọ́. "Ọdún méjìlá tí mo ti jọba, n kò jẹ àgbàdo sísun lójú títì rí. Wọ́n ní ọba kì í jẹun níta. Mò ń bọ̀ báyìí báyìí."

Mo gbà á. Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ fún ọba pé mi ò gbà ni? Mo dúró títí, ọwọ́ ń ro mí. Mi ò sì lè gbé adé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bá gbé e lé orí kí apá mi lè sinmi díẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀ ṣe rọ̀ wálẹ̀ tó bo ojú mi báyìí, gbogbo ará ààfin dojú bolẹ̀.

"Kábíyèsí o!"

"Rárá o," ni mo wí, "mo kàn ń bá wọn dì í mú ni."

"Ẹ ò rí ọba onírẹ̀lẹ̀!" ni olóyè kan ké. Wọ́n sọ ọ́ di orin lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ̀n obìnrin jáde láti inú ògiri, wọ́n ń jó, wọ́n ń gbe orin náà. Mo sọ fún wọn pé Ọdẹ́wálé ni mí, wọ́n ní Kábíyèsí mà lẹ́fẹ̀ o.

Adé tó wà lórí mi bá fi ẹnu mọ́ etí mi. "Má da ara rẹ láàmú," ó ní. "Ta ló ń wo ojú ẹni tó wà lábẹ́ mi? Èmi ni wọ́n ń kí."

"Báwo ni mo ṣe máa délé báyìí?"

"Kò le. Kí ẹnì kan ṣoṣo fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́, kí fíìmù tó tán. Bí fíìmù bá tán tí ẹnikẹ́ni kò pè é, wọn á ká ọ mọ́ ọn, wọn á dé ọ mọ́ inú agolo fíìmù."

Èmi tí mo yí fíìmù, mo mọ agolo yẹn dáadáa. Ó gbóná, ó ń rùn bí ọtí tó ti kan. Mo gbójú sókè, mo rí àmì róbótó kan ní igun ọ̀run, èyí tí àwa tí a ń yí fíìmù fi ń mọ̀ pé ìdì fíìmù tó wà lórí ẹ̀rọ ti fẹ́ tán. Ẹ̀rù bà mí wàyí, mo bẹ àwọn ará ààfin kí wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n ní ará ìlú kì í pe orúkọ ọba.

Olóyè yẹn ní bí orúkọ kan bá wà tí Kábíyèsí ń wá, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọba ló máa wà. Ọ́fíìsì náà léfòó lókè igi máńgòrò. Okùn ni wọ́n fi so ó kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Mo gun àkàsọ̀ lọ, tadé-tadé. Akọ̀wé kan tó wọ táì jókòó níbẹ̀, lẹ́tà mi wà nínú fáìlì níwájú rẹ̀, orúkọ mi gàdàgbà nísàlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka orúkọ yẹn sókè."

"Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Òní kọ́ ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni?"

"Òní ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìṣẹ́gun yẹn."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, tí ìwo méjì ń yọ níwájú orí rẹ̀. Ó di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fa ojú ìwé kìíní yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kò yà mí lẹ́nu rárá, mo ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ́fíìsì ìjọba. Òṣìṣẹ́ tó bá sì ń jẹun, wọn kì í dà á láàmú. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Nísàlẹ̀, ta ni mo rí? Ìyàwó mi, Ìyá Mọ́pé! Òun nìkan ló ní àwọ̀ nínú gbogbo fíìmù yẹn, ìró rẹ̀ pupa fòò, orógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Kábíyèsí, ọkọ mi ni mò ń wá. Kò tíì jẹun ọ̀sán."

"Ìyá Mọ́pé, èmi rè é!"

"Kábíyèsí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ tèmi kì í jọba, ó máa ń hanrun ni."

Olóyè náà dá sí i. "Kí lorúkọ ọkọ rẹ?"

"Háà! Ìyàwó wo ló ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bàbá Mọ́pé ni mò ń pè wọ́n. Kí a tó bí Mọ́pé, 'Ẹ gbọ́' ni mò ń pè wọ́n."

"Pè é lónìí nìkan!" ni mo figbe ta. "Mo bẹ̀ ọ́!"

"Kábíyèsí, wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Ẹ wá wo ayé mi! Ará ìlú kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi torí pé mo jọba. Ìyàwó mi kò gbọdọ̀ pè é torí pé èmi ni ọkọ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ fẹ́ pa mí!

Ìgbà yẹn ni ọba gidi dé, àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun lọba. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní irọ́ ló ń pa, ọba kì í jẹ àgbàdo níta, wọ́n tì í jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu àgbàdo díẹ̀ fún wọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wo adé náà.

Orin ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Ìlú ń ká láti ọwọ́ òsì bí ẹní, ó ká igi máńgòrò, ó ká àwọn oníjó, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ń gbóòórùn agolo. Ìyá Mọ́pé ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ, àfi bó ṣe yíjú padà lójijì. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo:

"Ọdẹ́wálé! Ọdẹ́wálé Àlàó!"

Mo ta jí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo wà. Ìyá Mọ́pé dúró tì mí pẹ̀lú orógùn, ó ti fi ọwọ́ kejì bo ẹnu ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Mo pè yín ní Bàbá Mọ́pé lẹ́ẹ̀meje, ẹ ò dáhùn. Ewúrẹ́ Ìyá Sikírá ló ń jẹ lẹ́tà yín!"

Lóòótọ́ ni. Ewúrẹ́ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ojú ìwé kẹrin ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Mọ́pé gbé orógùn sókè. Mo dì í lọ́wọ́ mú.

"Jẹ́ kí ọ̀gá jẹun," mo ní. Orúkọ ọdẹ ni Ọdẹ́wálé. Ẹtu ni bàbá mi ń pa, kò jọba rí, Láníyì sì mọ̀. "Ìyá Mọ́pé, pe orúkọ mi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó sáré padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo ti díbọ́n sùn lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ń hanrun gan-an ni. Bàbá Mọ́pé náà ni ìyàwó mi ṣì ń pè mí.