Èyí Tí Àfáà Gbé Lọ Sin

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọyẹ́ ọdún 1991 ni Safiyat gbé ìròyìn náà wá sí ọjà Ìpàta, níbi tí Bàríkísù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ń ta ẹ̀wà. Dókítà ti sọ pé jẹjẹrẹ ni kókó tó wà nínú ọmú òsì Bàríkísù. Safiyat fẹ́ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n Bàríkísù ti mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀.

"Jẹjẹrẹ ni, àbí?"

"Òun ni, Àǹtí mi."

Bàríkísù gbọn eruku ẹ̀wà kúrò lọ́wọ́. "Ìwọ tí ò ń fojoojúmọ́ ka ìwé nípa ọmú ọlọ́mú ní yunifásítì, ọmú ilé yín náà ti dé o. Kà á dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀wà.

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì ń dẹ́rù ba Safiyat. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ti yí padà láti bí ọdún mélòó kan. Tẹ́lẹ̀, bí wọn yóò ṣe gé àrùn náà kúrò ni wọ́n ń kọ̀wé lé lórí; nísinsìnyí, iṣẹ́ tí ara ń rán sí sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣàdédé pọ̀. Èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin ló máa ń wá kan ilẹ̀kùn lára rẹ̀, tí á ní kó máa pọ̀ sí i. Jẹjẹrẹ tó bá ní ilẹ̀kùn yìí, oògùn oníhóró kan wà tó lè dí i. Èyí tí kò bá ní in, àfi kí wọ́n tètè wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọ̀rẹ́ Safiyat kan ní Ìbàdàn lè yẹ jẹjẹrẹ náà wò bóyá ó ní ilẹ̀kùn yìí, bí wọ́n bá gé díẹ̀ nínú rẹ̀ ní tútù, tí wọ́n fi í sínú yìnyín, tó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí wọ́n bá ti rẹ sínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà kò wúlò mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọmú náà, kò síná nílé ìwòsàn. Safiyat gbé kúlà, ó sáré lọ ra yìnyín ní Ọjà Tuntun. Nígbà tó padà, nọ́ọ̀sì ti ń palẹ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ gé dà?"

"Bàbá yín ti gbé e lọ. Bàbá onírùngbọ̀n yẹn. Wọ́n tiẹ̀ ṣàdúà fún gbogbo wa."

Àfáà Hàrúnà ni, àbúrò bàbá wọn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Ohun tí wọ́n bá gé lára Mùsùlùmí, sínsin ni wọ́n ń sin ín, kò sì sẹ́ni tó sọ fún Àfáà pé kó dúró. Ẹ̀yìn ilé ni Safiyat ti bá a, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀yà ara ọmọ mi ni," ó ní. "Mo fi aṣọ funfun wé e. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí ajá wá gbé e ni?"

Safiyat gbé kúlà yìnyín náà kalẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé.

Àfáà kò gbé ọwọ́ kúrò nílẹ̀. "Ṣé ká hú u jáde ni?"

"Ooru ti bà á jẹ́, Bàbá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Bàríkísù ní oògùn náà láìmọ̀ bóyá ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbé e mì, Safiyat á sì jókòó tì í, á máa wo ọrùn rẹ̀, á máa wo abíyá rẹ̀, bóyá kókó mìíràn ti yọ. Bí ó bá sín, Safiyat á sáré dìde. Bí ó bá pẹ́ ní balùwẹ̀, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìwádìí tuntun ń dé, kò lè ṣí wọn. Ó ń bẹ̀rù kó má lọ ka ohun tó ń bọ̀ wá bá wọn.

"Safi, yé wò mí bí àgbò iléyá," Bàríkísù sọ lọ́jọ́ kan. "Tí mo bá fẹ́ kú, wàá gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ikọ́ náà kò lọ mọ́. Kí òjò ọdún kejì tó dá, wọ́n ti sin òun náà.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Àfáà pe Safiyat sí kọ̀rọ̀. "Èyí tí mo sin yẹn, ṣé ì bá sọ fún wa?"

"Ì bá sọ bóyá oògùn náà á jẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ì bá gba Àǹtí mi là, Bàbá."

"Ọlọ́hun ló mọ̀," ni Àfáà wí, ó sì nu ojú rẹ̀.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì gbé àmù kan lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń jókòó de èsì àyẹ̀wò. Àfáà pọn omi kún un. Obìnrin kan tí ètè rẹ̀ ti gbẹ ń wò wọ́n.

"Ta ló ni omi yìí o?"

"Sàárà Bàríkísù ni," ni Safiyat wí. Ó bu omi náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.